Hugh Laddie: Lọ́yà tó fi ẹjọ́ àmì ọjà àti àdàkọ ṣe iṣẹ́ jẹun

Akáńtáǹtì ni mí, èmi kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà lọ́yà bá dé bá àwọn oníbàárà mi, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e wá. Àbúrò wa obìnrin kan ní London ń ta síkáàfù àti ife tí wọ́n tẹ àmì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sí. Nígbà tí lẹ́tà dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe ojúlówó tiwọn. Kí ni wọ́n tún ń wá lọ́wọ́ mi?"

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn iṣẹ́ Hugh Laddie.

Ta ni ọkùnrin yìí?

Ọdún 1946 ni wọ́n bí i. Ó di lọ́yà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1969, ó sì gbájú mọ́ ẹjọ́ àmì ọjà, ìrísí ọjà àti ẹ̀tọ́ àdàkọ. Lọ́dún 1980, òun pẹ̀lú Peter Prescott àti Mary Vitoria gbé ìwé ńlá kan jáde lórí òfin àdàkọ. Ó di QC lọ́dún 1986, ó sì di adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga lọ́dún 1995. Lọ́dún 2005 ó fúnra rẹ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn adájọ́ ibẹ̀. Ó wá ń kọ́ni ní UCL ní London títí tó fi kú lọ́dún 2008.

Àṣẹ Anton Piller

Ẹni tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe, tó bá ti gbọ́ pé ẹjọ́ ń bọ̀, á ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Lọ́dún 1975, Laddie ló ṣojú Anton Piller, ilé-iṣẹ́ Jámánì kan, níwájú Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ilé-ẹjọ́ gbà pé kí wọ́n lọ yẹ ilé-iṣẹ́ olùjẹ́jọ́ wò láìsọ fún un ṣáájú. Ẹni tó bá kọ̀ tàpá sí ilé-ẹjọ́ nìyẹn. Nílé ní Nàìjíríà pẹ̀lú, orúkọ Anton Piller yìí ni àwọn lọ́yà ń pè é.

Ẹjọ́ Arsenal

Láti ọdún 1970 ni Matthew Reed ti ń ta ọjà Arsenal níta pápá Highbury. Ó kọ ọ́ síbi ìsọ̀ rẹ̀ pé ọjà òun kì í ṣe ti ẹgbẹ́ náà. Arsenal pè é lẹ́jọ́, iwájú Laddie ló sì dé. Lójú Laddie, ìfẹ́ ẹgbẹ́ ni àwọn èèyàn fi ń wọ àmì náà, kì í ṣe pé ó ń sọ ibi tí ọjà ti wá. Ó gbé ìbéèrè náà lọ sí ilé-ẹjọ́ Yúróòpù, tó dá Arsenal láre lóṣù November 2002. Laddie ní wọ́n kọjá àyè wọn, ó dá Reed láre. Lóṣù May 2003, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà: Arsenal ló jàre. Àkọlé tí Reed gbé síta kò gbà á.

Ohun tó kàn wá ní Ìlú Ọba

• Àmì ọjà: ọdún 10 ni ìforúkọsílẹ̀, a sì lè tún un ṣe. Ẹ má gbàgbé: orúkọ kọ́ńpìnnì tí ẹ fi sílẹ̀ ní Companies House kì í ṣe àmì ọjà o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń ṣìnà.
• Ìrísí ọjà: ọdún 5-5, títí dé 25.
• Ẹ̀tọ́ àdàkọ: kò nílò ìforúkọsílẹ̀. Ó wà títí tí oníṣẹ́ fi kú, àti ọdún 70 lẹ́yìn náà. Ẹ tọ́jú ìwé àkọ́kọ́ yín pẹ̀lú déètì rẹ̀.

Bí lẹ́tà bá dé, ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ wá lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí kíákíá. Àbúrò wa tètè lọ. Ó kó ìyókù ọjà sílẹ̀, ó sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní tà á mọ́. Èmi ni mo kọ owó ọjà náà sábẹ́ àdánù nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló ń tẹ̀ sára ife báyìí, ó sì ti fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà.