ÌRÌNÀJÒ ÌMỌ́LẸ̀ OÒRÙN NÍNÚ KÒKÒRÒ ÀÌFOJÚRÍ: ÌTÀN ÀWỌN TÓ WÁ A RÍ

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ìtàn sínú ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa retí ìtàn ogun tàbí ti oyè. Ìtàn náà ni mo kọ, ṣùgbọ́n ìtàn ìwádìí ni: bí ọmọ aráyé ṣe mọ ọ̀nà tí agbára oòrùn ń gbà nínú àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí.

Iṣu tí a jẹ lánàá, láti inú oòrùn ni agbára rẹ̀ ti wá. Ewé ló gba ìmọ́lẹ̀, tó fi í pèsè oúnjẹ. Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé èròjà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní chlorophyll ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà náà kì í pèsè oúnjẹ rárá. Iṣẹ́ ìkójọ ni tiwọn. Àwọn díẹ̀ ló ń lo ohun tí wọ́n bá kó wá. Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ èyí? Inú ẹrẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìdáhùn náà ti jáde, lára àwọn kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní bakitéríà.

Ní ọdún 1883, Theodor Engelmann, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Utrecht nílẹ̀ Họ́láńdì, kọ̀wé nípa bakitéríà kan tó máa ń kóra jọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Nígbà tó pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ti òṣùmàrè, ó rí i pé àwọn bakitéríà aláwọ̀ elésè àlùkò ń rọ́ lọ sí ìkọjá àwọ̀ pupa, níbi tí ojú ènìyàn kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ń gbé. Ewéko tó wà lókè ti gba èyí tó wù ú nínú ìmọ́lẹ̀. Àṣẹ́kù ni tiwọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbé ayé.

Ní ọdún 1931, Cornelis van Niel, ọmọ Họ́láńdì tó ń ṣiṣẹ́ ní Pacific Grove ní California, tẹ ìwádìí pàtàkì kan jáde. Ó fi hàn pé àwọn bakitéríà kan ń lo gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ dípò omi, pé imí ọjọ́ ni wọ́n sì ń fi sílẹ̀ dípò ọ́síjìn. Ó wá rò ó síwájú: bí imí ọjọ́ bá ti inú gáàsì yẹn jáde, a jẹ́ pé inú omi ni ọ́síjìn tí ewéko ń tú sílẹ̀ ti ń jáde pẹ̀lú. Ní ọdún 1941, Samuel Ruben, Martin Kamen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Berkeley fi oríṣi ọ́síjìn kan tó wúwo ju èyí tí a mọ̀ lọ dán an wò, ọ̀rọ̀ van Niel sì jẹ́ òótọ́. Kòkòrò inú ẹrẹ̀ ló jẹ́ ká mọ orísun atẹ́gùn tí à ń mí.

Ní ọdún 1932, Robert Emerson àti William Arnold, tí í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ń tan iná tó ń bù yẹ̀rì bíi mànàmáná sí ewédò kéékèèké ní Pasadena, ní California kan náà. Wọ́n retí pé chlorophyll kọ̀ọ̀kan yóò dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bíi 2,500 chlorophyll, ọ́síjìn ẹyọ kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Kí ni àwọn yòókù ń ṣe? Ní ọdún 1936, Hans Gaffron àti Kurt Wohl nílẹ̀ Jámánì dáhùn pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ chlorophyll ló ń kó agbára jọ fún ojúkò iṣẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò tètè gbà á.

Ìlú Utrecht ni ẹ̀rí tún ti jáde. Ní ọdún 1952, L. N. M. Duysens fi hàn nínú ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tí èròjà kan bá gbà, ara èròjà mìíràn ló ti ń hàn jáde. Agbára ti ṣípò. Nínú bakitéríà elésè àlùkò, ó tún rí ìyípadà àwọ̀ kékeré kan tó jẹ́ àmì ojúkò iṣẹ́ náà.

Báwo ni agbára ṣe ń ṣípò? Ẹ rántí ọjọ́ tí a bá ń da dẹ́kìn ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ á tò láti ilẹ̀ dé òkè, páànù kọnkéré á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Òṣìṣẹ́ kò kúrò lójú kan. Ẹrù ló ń rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni chlorophyll. Theodor Förster, ará Jámánì, ṣe ìṣirò rẹ̀ láàárín ọdún 1946 sí 1948: wọ́n gbọ́dọ̀ súnmọ́ra gan-an. Bí àlàfo àárín wọn bá di ìlọ́po méjì, ìyára ìgbékalẹ̀ náà á dín kù lọ́nà 64. Bí kọnkéré bá sì pẹ́ lọ́nà, yóò gan. Agbára yìí náà, bí ó bá pẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò ṣòfò.

Ewu mìíràn tún wà: ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù lè pa ẹni tó ń kó o jọ. Ní ọdún 1955, Roger Stanier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley fi hàn pé bakitéríà tí kò ní èròjà carotenoid máa ń kú bí ìmọ́lẹ̀ àti ọ́síjìn bá pàdé lára rẹ̀. Ẹbí èròjà yìí náà ló fún epo pupa wa ní àwọ̀. Ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ó sì tún ń dáàbò bo ilé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá rí ilé náà gan-an. Ní ọdún 1982, Hartmut Michel, ní Martinsried lẹ́bàá Munich, kéde pé òun ti sọ ojúkò iṣẹ́ bakitéríà elésè àlùkò kan di kírísítálì, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ṣeé ṣe. Òun, Johann Deisenhofer àti Robert Huber gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1988. Ní ọdún 1995, àwọn ẹgbẹ́ Richard Cogdell àti Neil Isaacs ní Glasgow fi àwòrán agbo akójọ hàn: chlorophyll 27, tí 9 nínú wọn wà ní agbo kan, tí 18 sì wà ní agbo kejì. Agbo àwọn 9 ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 800 nanomita, ti àwọn 18 jẹ́ 850, agbo tó yí ojúkò iṣẹ́ ká sì jẹ́ nǹkan bíi 875. Bí iye yìí ṣe ń ga ni agbára ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ó ń ṣàn lọ síwájú bí omi ṣe ń ṣàn láti orí òkè. Gbogbo ìrìnàjò náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àkókò tí ì bá fi ṣòfò.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fiyè sí jù nìyí. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Berkeley tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú bakitéríà aláwọ̀ ewé, agbára ń rìn bí ìgbì omi tó ń dán ọ̀pọ̀ ọ̀nà wò lẹ́ẹ̀kan náà. Òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n nínú òtútù tó tó 196 lábẹ́ òdo ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe nínú ooru tí kòkòrò náà ń gbé, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2017, wọ́n rí i pé ìgbì yẹn ń kú kíákíá débi pé kò lè ṣe ìrànwọ́ kankan. Ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan pé ìtumọ̀ àkọ́kọ́ kò tọ̀nà. Richard Cogdell ti Glasgow wà nínú wọn. Tomáš Mančal, tó wà lára àwọn tó kọ ìwé ọdún 2007, wà nínú wọn pẹ̀lú.

Mo ti ṣe iṣẹ́ ìjọba pẹ́ tó láti mọ̀ bó ṣe ṣòro tó fún ènìyàn láti tún ọwọ́ bọ ìwé pé ohun tí òun kọ tẹ́lẹ̀ nílò àtúnṣe. Níbi tí wọ́n bá ti lè ṣe é láìsí ìtìjú, ìmọ̀ á máa lọ síwájú. Ìmọ̀ yìí náà rìn bí páànù kọnkéré: láti ọwọ́ Engelmann dé ọwọ́ van Niel, dé ọwọ́ Duysens, dé Munich àti Glasgow. Kò sí ẹni tó dá a gbé délé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ máa béèrè ọ̀rọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀síwájú, kó má sì jẹ́ kí ohun tí àwọn àgbà kó jọ ṣòfò lọ́nà. Àmín.