Ẹnu Ìbọn àti Ìdí Ìbọn

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè ohun tí ó mú kí ìbọn kan lágbára ju èkejì lọ, bóyá yóò dáhùn pé ìró rẹ̀ ni, tàbí pípọ̀ ẹtù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ wa fi hàn pé ibi tí ọta ń gbà wọ inú ìbọn lè ṣe pàtàkì ju méjèèjì lọ.

Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà, ìbọn àwọn baba wa. Jagunjagun yóò nà á dúró, yóò da ẹtù sí i lẹ́nu, yóò ju ọta tẹ̀ lé e, yóò sì fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bu ẹtù díẹ̀ sí àwo kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, níbi tí òkúta ti ń ṣá irin kí iná tó ràn. Ọ̀tá kò ní dúró dè é. Bí òjò bá sì rọ̀, tí ẹtù rin, ìbọn di igi lásán.

Àwọn òyìnbó pẹ̀lú wá ọ̀nà àbáyọ. Ní nǹkan bí ọdún 1780 ni àwọn ọmọ-ogun Ọ́síríà gba ìbọn afẹ́fẹ́ tí Girandoni ṣe. Ọta bí ogún wà nínú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn. Bí a bá ti irin kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́, ọta kan a bọ́ sí ipò rẹ̀. Kò sí ẹtù, kò sí èéfín. Ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ tó kún inú ìdí rẹ̀, a ó fa ẹ̀rọ ìfẹ́fẹ́ ní bí ìgbà 1,500. Ìbọn náà yára, ṣùgbọ́n bíbọ́ rẹ̀ ṣòro. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1815, wọ́n ti pa á tì.

Ní ọdún 1866 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọgbọ́n Jacob Snider, ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n gé ìdí ọ̀pá àwọn ìbọn tí a ń ki lẹ́nu, wọ́n sì fi irin kan sí i bí ìlẹ̀kùn tí ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́. A ṣí ìlẹ̀kùn, a ti kátíríìjì bọ̀ ọ́, a pa á dé, a yìn ín. Ọmọ-ogun tí ń yin ìbọn àtijọ́ ní bí ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan lè yin èyí ní bí ìgbà mẹ́wàá, bí ó tilẹ̀ dùbúlẹ̀.

Ní ọdún 1878 àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀ dìde sí Ìbàdàn. Ọmọ-ogun Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn pọ̀, wọ́n sì mọ ogun jíjà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti oko ẹrú padà bọ̀, dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ra ìbọn Snider, wọ́n sì fi ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó sí Ògèdèńgbé àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà náà ni Ìbàdàn rí i pé pípọ̀ ènìyàn kò tó. Àwọn náà wá irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ìró ìbọn ogun náà ni a fi sọ ọ́ ní Kírìjí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Àgbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa lè tún ṣakabùlà ṣe, ó sì lè rọ ọta rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe kátíríìjì? Láti ọwọ́ òyìnbó ni ó ti ń wá. Bí ìbọn ti ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ kátíríìjì sí i, bẹ́ẹ̀ ni ogun tí ó wà lókè ń gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà Èkó sí i. Láti Èkó ni àwọn oníṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ti gòkè, tí a fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ọdún 1893 ni àwọn ogun méjèèjì tó tú ká, ìjọba Èkó sì ti nawọ́ dé gbogbo ilẹ̀ náà.

Ẹni tí ó gba ohun ìjà tí kò lè bọ́ fúnra rẹ̀ ti gba olúwa mìíràn mọ́ ọn. Ohun ẹni ní ń yẹni.