Igbe Àjẹ́ Àná: Àṣìrò Nínú Ìtàn Orírun Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? A máa ń pa òwe yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá hàn gbangba débi pé kò tún yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wádìí mọ́. Èmi pàápàá ti pa á lójú agbo láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí ó dùn lẹ́nu mi mọ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ìyá àgbàlagbà kan ní agboolé tí ó múlé ti wa fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí ìyàwó ilé kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ ìyàwó náà kú. Èéyi ń jà ní àdúgbò nígbà náà, ó sì ti mú àwọn ọmọ mìíràn lọ ṣáájú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka ti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Òwe yìí ni wọ́n pa. Láti ọjọ́ náà títí tí ìyá náà fi kú, ẹ̀kọ tí ó ń tà kò rí ẹni rà á mọ́.

Ohun tí ó bá ìyá náà ní orúkọ nínú ìmọ̀ tí ń yẹ ìrònú wò. Àṣìrò ni: kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé òmíràn, kí a sì wí pé èyí tí ó ṣáájú ni ó fa èyí tí ó kẹ́yìn. Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì tí ó gbé ayé láti ọdún 384 sí 322 ṣáájú ìbí Jésù, kọ ìwé lé e lórí, ó sì ka oríṣìí àṣìrò mẹ́tàlá, mẹ́fà tí ó ti inú èdè wá, méje tí kò ti inú èdè wá. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ti fi púpọ̀ kún un. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìkan ni èyí, kí ó fara balẹ̀ bá mi lọ sí Ilé-Ifẹ̀, kí ó wá wo ohun tí àṣìrò ti fi ìtàn wa ṣe.

Kí a tó lọ, ẹ jẹ́ kí a mú irinṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ìjiyàn, ní èdè ìmọ̀ yìí, kì í ṣe asọ̀. Ó jẹ́ gbólóhùn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a fi àwọn kan ṣe ẹ̀rí fún ọ̀kan yòókù. Àwọn tí a fi ṣe ẹ̀rí ni mo pè ní ìpìlẹ̀; èyí tí a gbé ka orí wọn ni ìkádìí. A lè sọ pé gbólóhùn jẹ́ òótọ́ tàbí pé ó jẹ́ irọ́. A kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìjiyàn. Ohun tí a lè sọ nípa ìjiyàn ni pé ó gún tàbí kò gún. Ó gún bí ó bá jẹ́ pé, tí gbogbo ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, kò sí bí ìkádìí rẹ̀ ṣe lè jẹ́ irọ́. Nítorí náà ìjiyàn lè gún lórí ìpìlẹ̀ irọ́, gẹ́gẹ́ bí ògiri ṣe lè dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tí yóò rì lọ́la. Èyí tí ó gún, tí gbogbo ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì tún jẹ́ òótọ́, òun nìkan ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ kan tí a ń pè ní orí Olókun, tí ó ti inú igbó Olókun wá. Ó fẹ́ gbé e lọ, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú kí ó dá a padà. Nínú ìwé tí ó kọ lẹ́yìn náà, tí a túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1913, ó kéde pé àṣẹ́kù Atlantis ni òun rí, èyíinì ni ilẹ̀ tí Plato, olùkọ́ Aristotle, sọ ìtàn rẹ̀. Bí a bá tú ìrònú rẹ̀ palẹ̀, báyìí ni ó rí: kò sí adúláwọ̀ tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ ọnà yìí, iṣẹ́ ọnà yìí wà ní Ifẹ̀, nítorí náà, àwọn mìíràn tí kì í ṣe adúláwọ̀ ni ó ṣe é.

Kí òǹkàwé má ṣe yára bú u. Ìjiyàn yìí gún. Bí ìpìlẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ òótọ́, a kò rí ọ̀nà sá fún ìkádìí rẹ̀. Ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ ni àìsàn wà, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a tọ́ka sí. Báwo ni Frobenius ṣe mọ̀ pé kò sí adúláwọ̀ tí ó lè ṣe é? Nítorí pé kò tíì rí i níbikíbi rí ni. Nígbà tí ó wá rí i ní Ifẹ̀, ìpìlẹ̀ yẹn kan náà ni ó fi lé ẹ̀rí tuntun náà dànù. Àṣìrò méjì ni ó so pọ̀: ó fi àìrí ṣe ẹ̀rí àìsí, ó sì fi ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́rìí sí ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ọmọ tí kò dé oko ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fèsì. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan orí idẹ àti orí bàbà mìíràn, wọ́n sì lé ní mẹ́wàá. Ní ọdún 1957 a tún rí àwọn ère mìíràn ní Ìta Yemòó. Orí amọ̀ tí a fi irú ọnà kan náà ṣe pọ̀ káàkiri ìlú. Àwọn onímọ̀ tí ó wọn ọjọ́ orí iṣẹ́ wọ̀nyí fi wọ́n sí nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500. Ní igbó Olókun gan-an, níbi tí Frobenius ti ń wá Atlantis, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá gbẹ́ ilẹ̀ láàárín ọdún 2010 sí 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó rí lé ní ẹgbàá mẹ́fà, ó sì rí ọ̀pọ̀ àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì. Nígbà tí a yẹ èròjà inú wọn wò, a rí i pé ibẹ̀ ni a ti pò gíláàsì náà, nítorí pé kò bá èyí tí a ń pò ní ilẹ̀ Lárúbáwá, Yúróòpù tàbí Íńdíà mu. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó láti wó gbólóhùn tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kò sí". Ti Ifẹ̀ ju ọ̀kan lọ.

Ó rọrùn láti dúró níbí kí a máa pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa náà ní ẹjọ́ láti rò.

Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Ó kú ní ọdún 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ni ó sì tún un tò kí ó tó jáde ní ọdún 1921. Gbèsè ọpẹ́ tí a jẹ ẹ́ kò ṣeé san tán. Ó kọ́ ìtàn tí ó ní Mẹ́kà ni a ti wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbà láìṣiyèméjì pé apá ìlà-oòrùn ni a ti ṣẹ̀, ó sì ní ọnà Íjíbítì ni ó wà lára àwọn òkúta Ifẹ̀, títí kan Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Ní ọdún 1948, J. Olumide Lucas gbé ìwé jáde tí ó fi ìjọra ọ̀rọ̀ àti ìsìn so wá mọ́ Íjíbítì. Ìlànà ìrònú yìí ni pé: bí a bá ti Íjíbítì wá, àṣà wa yóò jọ tiwọn, ó jọ tiwọn, nítorí náà, a ti Íjíbítì wá. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí: bí òjò bá rọ̀, àgbàlá yóò tutù, àgbàlá tutù, nítorí náà, òjò rọ̀. Ìyàwó ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi aṣọ nù sí àgbàlá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjiyàn yìí kò gún rárá. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "burúkú" ní èdè Páṣíà àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba létí, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ èdè mọ̀ pé èyí kò ti ara èyí jáde.

Èmi náà ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí rí. Mo to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Íjíbítì tí ó jọra sójú pátákó, mo sì ń yangàn lórí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nàwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, àwọn tí kò jọra ńkọ́? Ṣé ẹ ti kà wọ́n?" N kò kà wọ́n. Mo fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀ níjọ́ náà, mo ní Johnson tí ó jù wá lọ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ipò àgbà ni ẹ̀rí. Nígbà tí mo délé ni mo rántí àwọn ọmọ tí èéyi pa, tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ìpìlẹ̀ kan náà ni ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ Frobenius àti lábẹ́ ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ni: pé ohun tí ó bá lẹ́wà ní Ifẹ̀ kò lè ti Ifẹ̀ ṣẹ̀. Òun fi í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba wa; èmi rò pé mo ń fi í bu ọlá fún wọn.

Kí a má sì tún bọ́ sínú kòtò tí ó kẹ́yìn. Pé ìjiyàn kan kò gún kò sọ pé irọ́ ni ìkádìí rẹ̀. Òjò lè ti rọ̀ lóòótọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti òkèèrè wá dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ti wà ní Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ó mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá, kí ó ka èyí tí ó gbè é àti èyí tí kò gbè é. Bí àwọn ará àdúgbò wa bá ti kà báyẹn, ìyá náà ìbá rí ẹ̀kọ rẹ̀ tà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀.