Kì í ṣe Los Angeles ni wọ́n bí Afrobeat sí

Bí Felabration, àjọ̀dún tí wọ́n fi ń rántí Fẹlá olórin, bá ti dé ní oṣù Kẹwàá, tí New Afrika Shrine ní Agídíngbi, Ìkẹjà, kún fọ́fọ́, ìtàn kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n ní Fẹlá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ó pàdé Sandra Izsadore ní Los Angeles, obìnrin náà fún un ní ìwé ìtàn ìgbésí ayé Malcolm X kà, ojú rẹ̀ là, ló bá gbé Afrobeat wálé. Ìtàn náà dùn. Ìdajì rẹ̀ ló jóòótọ́.

Kí Fẹlá tó wọ bàálù rárá ló ti ń pe orin rẹ̀ ní Afrobeat. Accra ló ti fún un lórúkọ. Láti 1964 ni Tony Allen onílù ti wà nínú Koola Lobitos, ẹgbẹ́ olórin Fẹlá, tó ń po ohun tó gbọ́ lọ́dọ̀ Art Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jáàsì Amẹ́ríkà, mọ́ ìlù ilé. Ẹni tó sì gbé orin James Brown ko Fẹlá lójú ni Geraldo Pino, ọmọ Sierra Leone, tó da Èkó rú ní 1966. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kì í kúkú ṣe àjèjì sí wa: Langston Hughes akéwì àti Nina Simone akọrin wá sí Èkó ní oṣù Kejìlá 1961.

Wọ́n á ní Sandra ló kọ́ ọ ní ìjà ìjọba. Ọmọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì! Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Fẹlá nígbà tí àwọn obìnrin tí ìyá rẹ̀ kó sòdí nítorí owó orí mú kí Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949.

N kò ní gba ti Sandra lọ́wọ́ rẹ̀ o. Òun ló bi Fẹlá pé kí ló ń kọ lórin, tí Fẹlá dáhùn pé ọbẹ̀ ni. Ọbẹ̀ kẹ̀! Ìbéèrè yẹn ló mú kí orin rẹ̀ ní ohun tó ń bá jà.

Àmọ́ títì Agége Motor Road ni orin náà ti gbó. Ní Empire Hotel, Ìdí-Òro, lẹ́yìn tó dé ní 1970, ló ti ń lu orin mọ́jú, tí orin kan ṣoṣo wá ń gba odindi ojú àwo, tó sì ń fi èdè pìjìn kọ ọ́ kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá náà lè gbọ́. Ọdún yẹn náà ni James Brown wá ṣeré ní Nàìjíríà. Bootsy Collins, tó ń ta gìtá béèsì fún un, lọ wo Fẹlá. Ta wá ni akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀?

Ẹni tí ìtàn Los Angeles rẹ́ jẹ jù ni Tony Allen. Ó bá Fẹlá dé Amẹ́ríkà ní 1969, ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn náà.