TÁÍWÒ ỌLÁNÍYÌ, AYÀWÒRÁN ÒṢOGBO TÍ AYÉ MỌ̀

Nínú ìtẹ̀jáde yìí, mo fẹ́ kí a rántí ọmọ Yorùbá kan tí àwòrán rẹ̀ dé gbọ̀ngàn àfihàn ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, kí àwọn ọmọ tí a ń tọ́ ní Auburn Bay níhìn-ín lè mọ orúkọ rẹ̀.

Táíwò Ọláníyì ni, ṣùgbọ́n Twins Seven-Seven ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 1944 ni a bí i. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ, ẹ̀ẹ̀méje ni ìyá rẹ̀ bí ìbejì, òun nìkan ṣoṣo ló sì yè nínú gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Kì í ṣe àwòrán ló gbé e dé Òṣogbo ní 1964. Oníjó ni, ó ń bá àwọn tó ń polówó oògùn kiri láti ìlú dé ìlú. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì, ti dá ilé eré àti iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Mbari ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ Ìgbò. Àwọn ará Òṣogbo sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni ń sọ pé: bí mo bá rí i, màá yọ̀! Níbẹ̀ ni Georgina Beier ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní 1964, tó fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lé wọn lọ́wọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé ẹ̀rí. Inú ilé náà ni Jímọ̀ Bùráímọ̀ àti Mùráínà Oyèlámì pẹ̀lú ti di ayàwòrán.

Kí ni Táíwò yà? Ó ya iwin, ọdẹ, ejò àti igbó kìjikìji, ó sì fi ìlà wínníwínní kún gbogbo ojú ìwé. Ẹni tó bá ti jókòó gbọ́ àlọ́ rí yóò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ní 1989, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àfihàn “Magiciens de la Terre” ní Paris, láàárín iṣẹ́ ayàwòrán àti agbẹ́gilére tó lé ní 100 láti gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n òkìkí kì í ṣe owó. Nígbà tó ń gbé ní Philadelphia, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ títí tó fi gba iṣẹ́ olùtọ́jú ọkọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kan. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wọlé kò mọ̀ pé ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún wọn ni àwòrán rẹ̀ ti wà ní Paris. Ìgbà tí ẹni tó ni ilé ìtajà náà mọ̀ ọ́n ni ọ̀nà tún là fún un láti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2005, UNESCO fi oyè Oníṣẹ́-ọnà fún Àlàáfíà dá a lọ́lá. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kọ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ní June 2011 ni Táíwò kú ní Ìbàdàn, ní ẹni ọdún 67.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi. Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe, mo ti pàdé ẹni tó jẹ́ dókítà nílé, tó wá ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn níhìn-ín. Ẹ má fi iṣẹ́ tí ẹni tuntun kọ́kọ́ rí díwọ̀n rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó gbé wá láti ilé. Ẹ sì máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọ yín, nítorí inú àlọ́ ni Táíwò ti rí ohun tó gbé e dé ojú ayé.

Ire o.