Orúkọ Àrùn Nínú Fóònù Obìnrin

Fóònù obìnrin, kì í ṣe òun nìkan ló ń wò ó. Ọkọ lè gbé e, ọmọ lè fi ṣeré, àbúrò ọkọ náà lè yá a pè. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ká wo ìtàn bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ la àwọn obìnrin lóye nípa HIV ní Áfíríkà.

Ní 2008, iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n pè ní Masiluleke. Ẹni tí kò ní owó lórí fóònù níbẹ̀ lè fi "Please Call Me" ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ (ohun tí àwa ń fi fláàṣì ṣe nìyẹn). Ààyè tó ṣẹ́ kù nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀hún ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ HIV sí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí èèyàn lè pè fún ìmọ̀ràn. Àwọn tó pè pọ̀ sí i lóòótọ́. Àmọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń polongo lọ́jà ló rí.

Ti Kẹ́ńyà ló wù mí jù. Láàárín 2007 sí 2009, àwọn oníṣègùn kan níbẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV, tí obìnrin sì pọ̀ jù nínú wọn: "Mambo?" Bí ẹni ní "Báwo ni?" ni. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á fèsì pé "Sawa". Ẹni tó níṣòro á ní "Shida", wọn á sì pè é. Ó tán. Kò dárúkọ HIV, kò dárúkọ oògùn. Ọkọ tó bá kà á, kí ló máa rí? Èsì rẹ̀ jáde nínú Lancet ní 2010: nínú 100 àwọn tí wọ́n ń kí, 62 ló ń lo oògùn déédéé, nínú àwọn tí wọn kò kí, 50. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìwádìí mìíràn, HPTN 052, fi hàn pé ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn kì í sáábà kó o ran ẹnìkejì rẹ̀. Ìdènà ni ìkíni yẹn, àbí?

Ìjọba Gúúsù Áfíríkà wá dá MomConnect sílẹ̀ fún àwọn aláboyún ní 2014, ní èdè ìjọba 11 tí wọ́n ní nígbà náà.

Tó bá wá di ti Yorùbá ńkọ́? "Àrùn kògbóògùn" ni rédíò fi kọ́ wa. Òótọ́ ni pé oògùn tó ń wò ó tán kò tíì sí. Ṣùgbọ́n oògùn wà tí obìnrin tí kò ní in lè lò kó má baà kó o, ìyá tó ní in sì lè lò ó kí ọmọ rẹ̀ má kó o. Ẹni tó bá ka "kògbóògùn" lórí fóònù, kí ló fẹ́ lọ wá ní ilé ìwòsàn? HIV lásán ni èmi á kọ, bó bá pọn dandan ká dárúkọ rẹ̀ rárá.