Ìtàn Tráfíkétọ̀
Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi rẹwáyà ṣe yẹ̀yẹ́ bí ó bá ní súìṣì tráfíkétọ̀ bàjẹ́. Ìtàn ni ó ń sọ. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni awakọ̀ ń nà síta bí ó bá fẹ́ yà. Nígbà tí ó ṣe, a fi apá kékeré oníná sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí ń yọ síta; òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní trafficator. Morris Minor ti 1948 ní irú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Buick ti gbé iná tí ń ṣẹ́jú jáde ní 1939. Irú iná bẹ́ẹ̀ ni ó borí níkẹyìn. Apá ti pòórá. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu awakọ̀ wa.